Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Má Ra Nǹkan Kan

Bí àlejò bá wọ Ìpọ̀nrí tó ń béèrè Àmínát Àkàngbé, àfàìmọ̀ kí wọ́n má mú un lọ sọ́dọ̀ Àmínát mìíràn, nítorí Àmínát pọ̀ ládùúgbò náà. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè Àǹtí Ó-tì, ẹni tó ń kiri búrẹ́dì pàápàá á nawọ́ sí i: ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ inú ẹ́sítéètì, níbi tí obìnrin kan tó sanra díẹ̀ ti ń pariwo lé kọ́sítọ́mà lórí.

Ó-tì kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló fi wá a. Onídìrí ni Àmínát, iṣẹ́ tó kọ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Mushin nígbà tí wọ́n mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì Èkó. Àwọn onídìrí yòókù, bí kọ́sítọ́mà bá ti jókòó, owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá a sọ. Tirẹ̀ yàtọ̀. Yóò ní kí o tú ìborí, yóò ki ìka bọ inú irun rẹ, yóò máa fọwọ́ wo orí rẹ bí ẹni tó ń wo ìbẹ́pẹ bóyá ó ti pọ́n. Kò ní sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Ó tì o. Mi ò dì í."

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń lé owó dànù báyẹn nílùú Èkó? Obìnrin á ti ra àtáṣímẹ́ǹtì láti Tejúoṣó, ọ̀la ni ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, Àmínát á wo irun iwájú orí rẹ̀ tó ti ń sá sẹ́yìn, á ní kó lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta, kó máa wé gèlè. Obìnrin náà á bú u. Àmínát á bú u padà, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń jẹ́ kí èébú sùn sọ́rùn òun. Bó bá pẹ́ títí, obìnrin yìí kan náà á tún yọ lẹ́nu ọ̀nà, irun á ti hù, á sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Báyìí ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe kún. Ọkọ rẹ̀, kó tó di olóògbé, a máa sọ pé ìyàwó òun nìkan lòun mọ̀ tó ń fi lílé pe ènìyàn. Bóyá ọgbọ́n ni, bóyá agídí ni, èmi ò mọ̀. Ohun tó bá ti bọ́ ọmọ, tó sì rán wọn níléèwé, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọgbọ́n.

Moyọ̀sọ́lá wà lára àwọn tó ti gba "ó tì" tó sì padà wá. Ọmọbìnrin kan tó ti kàwé jáde ni, ó gba yàrá sí Yaba, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìpolówó fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìpolówó tiwọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri o. Inú fóònù ló wà, ó sì ń báni sọ̀rọ̀. O lè máa ka ìròyìn tìrẹ jẹ́jẹ́, á yọjú, á bi ọ́ ní ìbéèrè. Wàá tẹ èsì. Á tún bi ọ́ ní òmíràn tó bá èsì rẹ mu, títí yóò fi sọ pé, ìwọ, irú rẹ yìí, ohun báyìí ló yẹ ọ́. Kò sí ènìyàn kankan nídìí rẹ̀. Ìmọ̀ ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀, wọ́n á tò ó sínú kọ̀ǹpútà pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kó dáhùn báyìí, kọ̀ǹpútà á wá máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn bí ẹni pé onímọ̀ náà ló jókòó tì wọ́n.

"Àǹtí, àwọn tó ń ṣe ìpara Adúnlórí ń wá ẹni tó mọ orí dáadáa," Moyọ̀sọ́lá ló wí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Mo ti dárúkọ yín fún ọ̀gá mi."

"Orí ta ni wọ́n fẹ́ mọ̀?"

"Orí gbogbo èèyàn, mà. Ẹ̀yin ẹ ṣá máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe, èmi á máa gbà á sílẹ̀. Ohùn yín gan-an ni wọ́n máa gbọ́ nínú fóònù."

"Ohùn èmi?"

"Ohùn yín, mà."

Ilé-iṣẹ́ náà máa ra àga tuntun àti díráyà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ọn, ohùn yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú jù. Onídìrí wo ni ohùn rẹ̀ ń dé Àgbádárìgì láìwọ mọ́tò? Ó buwọ́ lu ìwé tí wọ́n gbé wá. Kò kà á tán. Ẹ má rojú sí i o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti tẹ "mo gbà" lórí fóònù yín láìka nǹkan kan?

Bí Moyọ̀sọ́lá bá ti ráyè lọ́fíìsì, á wá jókòó sórí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmínát, á na fóònù sí i lẹ́nu, á máa bi í léèrè bó ṣe ń dirun lọ. Bí irun bá ń já láàárín ńkọ́? Bí orí bá ń yúnni lẹ́yìn tí a dirun tán ńkọ́? Bí irun ọmọdé bá lọ́ mọ́ra wọn tí òòyà ò wọ̀ ọ́ ńkọ́? Àmínát á dáhùn láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá lọ́ mọ́ra, kí wọ́n fi ìpara rọ̀ ọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun, kí wọ́n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi dé ìdí. Èyí tó jẹ́ "ó tì" náà, ó sọ ọ́: irun iwájú tó ń sá, ẹ má dì í, làpálàpá orí, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn kọ́sítọ́mà fi ń bá a gbè é.

Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ. Kò sọ ti Dàda.

Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Ní agboolé tí wọ́n bí i sí l'Ógbómọ̀ṣọ́, bí irun ọmọ bá ti ń ta kókó fúnra rẹ̀ láti kékeré, gbogbo ilé ti mọ̀ pé Dàda ló dé. Wọn kì í yà á, wọn kì í gé e, àfi bí àwọn àgbà bá jókòó lé e lórí, tí wọ́n ṣe sàárà rẹ̀, tí wọ́n se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Àbúrò Àmínát tó tẹ̀ lé e gan-an, Dàda ni. Ṣé ẹnìkan ń jókòó kọ́ àgbàlagbà pé iná ń jóni ni? Moyọ̀sọ́lá kò béèrè, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Àmínát kò sọ, nítorí kò rò pé a rí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìpolówó náà jáde. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwòrán Àmínát lórí rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Àwọn kọ́ńdọ́ ọkọ̀ kan ń kí i ní Jíbówú pé, "Àǹtí inú fóònù!" Àwọn obìnrin ń wá láti ibi tí kò mọ̀ rí, wọ́n ń ní àwọn fẹ́ wo ẹni tó ni ohùn. Ó ń ṣe fáàrí. Ó tọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ọjọ́ kan ni ìyá àgbàlagbà kan wọlé, ọmọ ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ojú rẹ̀ wú ń tẹ̀ lé e. Ìyá náà kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló ń jẹ́ Àmínát níbí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Motọ́lání, jẹ́ kí fóònù yẹn sọ̀rọ̀."

Ọ̀dọ́bìnrin náà, ìyàwó ọmọ rẹ̀, fa fóònù yọ, ó tẹ ìpolówó náà síbi tó ti mọ̀. Ohùn Àmínát kún inú ṣọ́ọ̀bù: "Má mikàn, ọmọ mi. Fi Adúnlórí rọ̀ ọ́ dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó, máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi dé ìdí."

Ìyá àgbà sọ ọmọ kalẹ̀, ó ṣí fìlà orí rẹ̀. Apá kan orí náà ṣì ní kókó irun tó dì, tó dúdú, tó lẹ́wà. Apá kejì ni wọ́n ti fi òòyà fà tú. Irun ibẹ̀ fọ́n ká, awọ orí bó, ibòmíràn ṣì ń ṣomi.

"Ohùn ta nìyẹn?" ìyá àgbà béèrè.

"Ohùn mi ni, mà."

"Ìwọ lo ní kí wọ́n ya orí Dàda?"

Motọ́lání ló bú sẹ́kún. Surulere ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, kò sí Dàda nínú ìdílé wọn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt. Ó rò pé àìtọ́jú òun ló sọ irun ọmọ dà bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í, nítorí àwọn obìnrin tó wà níbi tí ó ń gbé ọmọ sí bó bá lọ síbi iṣẹ́ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ohùn àgbà ni mo gbọ́, mà," ó ń sunkún sọ ọ́. "Mo ní àgbà ò ní tàn mí."

Ìyá àgbà ní ibà gbé ọmọ náà, Ayọ̀miídé, dè lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ya orí rẹ̀, pé orí ọmọ ló ń bínú. Ẹ̀fọn ni, orí ni, kí ni èmi mọ̀? Wọ́n ti fún un lóògùn, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀. Àmínát kò bá a jiyàn. Orí tó bó níwájú rẹ̀ yìí ti tó o. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí orí ọmọ náà bó ṣe máa ń nà án sí gbogbo orí.

"Má fọwọ́ kàn án!" ìyá àgbà jágbe mọ́ ọn.

Àmínát fa ọwọ́ padà. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí rí. Ó dùn ún wọ egungun.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀bi ẹ? Èmi ń bínú sí ẹ níbí, ohùn ẹ ò mọ̀ pé mò ń bínú, ó ṣì ń sọ ọ́ lọ nílé ẹlòmíì báyìí." Ìyá àgbà pọn ọmọ, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí Àmínát lè dirun mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ Dàda mélòó ló wà l'Ékòó? Ìyá mélòó ni ojú ń tì, tí wọ́n di fóònù mú, tí ohùn rẹ̀ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má mikàn? Ó pe Moyọ̀sọ́lá pé kó mú òun lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Julius, ọ̀gá Moyọ̀sọ́lá, dìde gba Àmínát bí ẹni gba ìyàwó. "Màmá, sítáà wa ti dé! Kí lẹ máa mu?"

"Mi ò mu nǹkan kan, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kún un. Bí ìyá ọmọ bá ti ní irun ọmọ òun lọ́ mọ́ra, kẹ́ ẹ bi í pé, ṣé bó ṣe ń hù látìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn? Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó má ki òòyà bọ̀ ọ́, kó má ra nǹkan kan, kó lọ bi àwọn àgbà ilé wọn."

Julius rẹ́rìn-ín. "Kó má ra nǹkan kan kẹ̀? Màmá, ìpolówó ni o. Ìpolówó tó ń ní káwọn èèyàn má rajà, kí la fẹ́ máa pe ìyẹn?"

"Ẹ pè é ní òótọ́."

Julius kò bínú. Ó yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àwòrán bí igi ni, ìbéèrè àkọ́kọ́ nídìí rẹ̀, ẹ̀ka ń yọ lára ẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí èsì àwọn ènìyàn. Lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, níbi tó parí sí, agolo Adúnlórí kékeré kan wà níbẹ̀, pupa, aláwọ̀ ewé, tàbí aláwọ̀ wúrà. Àmínát ń fìka tọ̀ ọ́ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Irun iwájú tó ń sá sẹ́yìn: agolo. Làpálàpá: agolo.

"Mo ní kí ẹni tó ní làpálàpá lọ sí ọsibítù."

"Aláwọ̀ ewé wà fún ìyẹn, mà. Kọ̀ǹpútà ló fi ohùn yín sọ ọ́," Julius fèsì.

Àmínát yíjú sí Moyọ̀sọ́lá. Ọmọ náà kò lè gbójú sókè.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀, Àǹtí. Gbogbo 'ó tì' yín pátá ni mo kọ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ wọ́n."

Ojú Àmínát wá là. Àwọn ènìyàn yìí ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n ṣa èyí tó ń mówó wọlé, wọ́n da ìyókù nù. Ìyókù yẹn sì ni òun gan-an. Òun tí wọ́n ń pè ní Ó-tì, wọ́n ti sọ òun di ẹni tí kò mọ̀ ju "bẹ́ẹ̀ ni, rà á" lọ.

"Ó dáa, mo ti gbọ́ yín, Màmá," Julius wí, ojú rẹ̀ sì tàn. "Ti Dàda yìí, àǹfààní ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe Adúnlórí Dàda! Ìpara pàtàkì fáwọn ọmọ Dàda nìkan. Ẹ̀yin náà lẹ máa fi ohùn sí i." Ó ti ń kọ ọ́ sára pátákó ara ògiri.

Inú bí Àmínát débi tí ẹ̀rín fi pa á. Láti ìgbà tó ti wọlé ló ti ń fi ẹ̀yin bá Julius sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀gá ni. Ìgbà tó tún la ẹnu, ó ti di ìwọ.

"Julius, gbọ́. Dàda ò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Ọmọ tẹ́ ẹ bó lórí ò lè rìn wá sí ọ́fíìsì yìí. Èmi ti wá. Yọ ohùn mi kúrò ńbẹ̀."

"Ẹ ti sáìnì, Màmá. Ohùn yín, tiwa ni títí ọdún méjì á fi pé. Bẹ́ ẹ bá sì sọ̀rọ̀ Adúnlórí láìdáa níta, àga, díráyà, pátákó, gbogbo ẹ̀ la máa kó."

"Ṣé o ti wí tán?"

"Mo ti wí tán, mà."

"Ó tì," ni Àmínát wí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ẹ̀yin á rò pé àyà rẹ̀ ò já. Àyà rẹ̀ já. Ó di irin àtẹ̀gùn mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Àga àtijọ́ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, ó ti fi tọrẹ nígbà tí tuntun dé. Àwọn onídìrí mìíràn ti pọ̀ lójú ọ̀nà ẹ́sítéètì náà, wọ́n ní àga, wọ́n ní díráyà, wọ́n sì ń dúró de ìgbà tí Àǹtí Ó-tì máa ṣubú. Ó dúró lábẹ́ igi kan létí ọ̀nà títí Moyọ̀sọ́lá fi sáré bá a.

"Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí."

"Mi ò ráyè ìyẹn báyìí. Mú fóònù yẹn jáde. O ti gba ohùn mi fún wọn, wá gbà á fún èmi náà."

Ọmọ náà wẹ̀yìn wo fèrèsé ọ́fíìsì wọn, ó wo Àmínát, ó sì na fóònù sí i lẹ́nu bó ṣe máa ń nà án ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Àmínát sọ sínú rẹ̀ nìyí:

"Èmi Àmínát Àkàngbé, onídìrí ní Ìpọ̀nrí, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ohùn tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ nínú ìpolówó Adúnlórí, ohùn mi ni. Wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi pé délẹ̀. Èmi náà gbàgbé láti sọ ti Dàda, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìyá ọmọ. Ọmọ tí irun ẹ̀ bá ń ta kókó látìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹ má ki òòyà bọ̀ ọ́, ẹ lọ bi àwọn àgbà yín. Ẹni tí irun iwájú ẹ̀ ń sá, ẹ tú u, ẹ sinmi. Ẹni tó ní làpálàpá, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má ra nǹkan kan torí pé ẹ gbọ́ ohùn mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú mi torí èyí, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò lọ síbì kankan."

Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ lórí Wasáàpù. Àwọn wọ̀nyẹn fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, sí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, sí ẹgbẹ́ òbí àwọn ọmọ iléèwé. Kí ó tó di Ọjọ́ Ajé, ẹnìkan ti fi ránṣẹ́ sí Àmínát fúnra rẹ̀ pé kó gbọ́ ohun tí obìnrin kan sọ. Àwọn ìyá ń dáhùn láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀kan ní òun ti fẹ́ ki òòyà bọ orí ọmọ òun, Ọlọ́run ló ní kí òun gbọ́ ọ. Òmíràn ní òun ò gba ti Dàda gbọ́, ẹlẹ́sìn lòun, ṣùgbọ́n irun iwájú òun ti lọ tán, òun sì ti ra agolo mẹ́rin.

Julius wá fúnra rẹ̀, òun àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan àti àwọn ọkùnrin méjì. Ọ̀sán gangan ni, ṣọ́ọ̀bù kún. Obìnrin kan wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ni Àmínát ti dì dé, ìdì irun kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì ta ní kókó. Ìyá àgbà, ìyá ọkọ Motọ́lání, wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, òun àti Ayọ̀miídé. Kò tíì sọ ohun tó bá wá. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀, tó ń wo Àmínát.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká má fi ìjà ṣe é," Julius wí. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó na án sí Àmínát lẹ́nu. "Ẹ kàn sọ ọ́ síbí pé inú ló bí yín, pé Adúnlórí ò ṣe nǹkan kan fún yín. Àga máa dúró. Màá tún fi díráyà kan kún un. Ó ti ń gbà á sílẹ̀, ẹ máa sọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí Àmínát. Ó tẹ̀ sí fóònù náà.

"Èmi Àmínát Àkàngbé. Inú bí mi, ó sì ń bí mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ má ki òòyà bọ orí Dàda. Ẹ má ra nǹkan kan. Ṣé ó ti gbà á?"

Julius pa fóònù náà. Ó ṣẹ́jú sí àwọn ọkùnrin tó bá a wá.

Obìnrin orí àga kò jẹ́ kí wọ́n ní kí òun dìde. Ó dìde fúnra rẹ̀. Àmínát kò fi ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n jọ sún, bí ẹni tí okùn so pọ̀, títí Àmínát fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí obìnrin náà sì jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Báyẹn náà ni ìyá wọn ṣe ń dì í fún wọn kí àga tó dé. Wọ́n ń gbé díráyà kọjá lórí wọn, Àmínát ń dirun lọ. Wọ́n gun orí àkàbà, wọ́n tú pátákó, àwòrán eyín funfun yẹn sì wọnú ọkọ̀ akẹ́rù lọ, ó dojú délẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù tú ìró wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n jókòó lé e lórí. Kò sí ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ tán, ìyá àgbà dìde lórí bẹ́ńṣì. Ó gbé Ayọ̀miídé wá síwájú Àmínát, ó ṣí fìlà orí rẹ̀.

"Fọwọ́ wò ó," ó ní. "Bóyá ó ti ń san."

Àmínát fọwọ́ wò ó. Ó ti ń san. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí apá ọmọ náà, kò sì nù ún.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni Moyọ̀sọ́lá já wọlé, ó ń pariwo ayọ̀. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ Julius, ó ti ríṣẹ́ sí ibòmíràn, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló mú un wá. "Wọ́n ti yọ ohùn yín, Àǹtí! Wọ́n bẹ̀rù ariwo yẹn. Ẹ ti bọ́!"

Àwọn obìnrin hó yèè. Ẹnìkan ti ń gbórin ọpẹ́.

"Jẹ́ n gbọ́ ọ," ni Àmínát wí.

Moyọ̀sọ́lá ṣí ìpolówó náà. Ohùn obìnrin mìíràn ló wà níbẹ̀, ohùn tó dùn, ohùn ẹni tó ti bímọ tọ́mọ. Ó béèrè pé ta ló ni irun. Àmínát tẹ̀ ẹ́ pé ọmọdé. Ó béèrè pé kí ló ń ṣe é. Àmínát tẹ̀ ẹ́ pé ó lọ́ mọ́ra. Kò tún béèrè ohun mìíràn. "Má mikàn, ọmọ mi," ohùn náà wí. "Fi Adúnlórí rọ̀ ọ́ dáadáa. Bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó..."

Orin ọpẹ́ dákẹ́.

"Àǹtí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Moyọ̀sọ́lá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ohùn yín ti kúrò ńbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún máa dárúkọ yín sí i mọ́."

"Ohùn mi ti kúrò ńbẹ̀. Ṣé orí àwọn ọmọ náà ti kúrò ńbẹ̀?"

Ó fìka kan fóònù náà.

"Ta ló ni ohùn yìí?"

"Onídìrí kan ni, mà. Mushin ló wà."

"Ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ń fi ohùn òun ya orí Dàda?"

"Mi ò rò pé ó mọ̀."

Àmínát ta ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kókó, ó sọ fún obìnrin tó ń dirun fún pé kó máa dúró de òun, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà.

"Dìde, ká lọ sọ fún un."